Ẹ má fi Chaminade bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn ọ̀dọ́ afunfèrè tó fẹ́ gbé orin tí obìnrin kọ lárugẹ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó la fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àti àwọn olùkọ́ wọn. Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ wá lóminú.

Concertino (orin kúkúrú fún ohun èlò kan pẹ̀lú àwọn tó ń gbè é) tí Cécile Chaminade, obìnrin ará Faransé, kọ fún fèrè lọ́dún 1902 ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, torí òun ló lókìkí jù. Wọ́n gbàgbé pé ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Conservatoire, ilé ẹ̀kọ́ orin ní Paris, ló kọ ọ́ fún: orin ìdánwò ni. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 lọ, àmọ́ èémí tó ń gbà kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹni tó bá mí níbi tí kò yẹ lójú ìwé àkọ́kọ́ ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ orin náà lẹ́nu. Kíì D ló sì wà, C♯ pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ooru gbọ̀ngàn wa, fèrè á máa ga, kíbọ́ọ̀dù ò ní kúrò lójú kan. Afunfèrè á wá fa orí fèrè jáde kí ohùn lè wálẹ̀. Bó bá fà á jù, C♯ ni yóò kọ́kọ́ ṣìnà, nítorí ibi tó kúrú jù lára ọ̀pá fèrè ló ti ń jáde. Díẹ̀ tí a fà jáde, púpọ̀ ló jẹ́ fún un. Mìlímítà 3 sí 5 tó. Ìyókù, ẹnu ni kó tún un ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Anna Bon. Kò tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tí wọ́n tẹ sonata (orin alápá púpọ̀) 6 tó kọ fún fèrè jáde ní Nuremberg lọ́dún 1756. Fèrè onígi tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ni wọ́n ń fun nígbà yẹn, orin náà kì í sì í lọ sísàlẹ̀ kọjá D, èyí tó rọrùn fún ètè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Apá dùùrù ló máa ń dà á rú. Ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni Bon kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń tọ́ka kọ́ọ̀dù. Atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tó mọ sólúfà dunjú lè rò pé ìṣirò ni wọ́n gbé wá bá òun. Ẹ wá ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ ọwọ́ ọ̀tún sí, tàbí kí sẹ́lò kan máa ta ohùn ìsàlẹ̀ náà. Lẹ́yìn Bon, Nocturne (orin alẹ́) tí Lili Boulanger, obìnrin ará Faransé mìíràn, kọ lọ́dún 1911 ló kàn: ó kúrú, ó rọra ń lọ, ó sì ń kọ́ni ní èémí tí Chaminade máa bèèrè. Gbogbo wọn wà lórí IMSLP, ibi ìkówèé orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó dùn wá jù ni pé irú ètò báyìí tí a bá ṣe ní Oǹdó, Paris ló máa ń parí sí. Orin Obìtun, ti ayẹyẹ àwọn ọmọbìnrin tó ń bàlágà ní Oǹdó, ńkọ́? Àwọn obìnrin ló ń dá a. Ohùn wọn sábà máa ń wà nísàlẹ̀, níbi tí ìlù ti máa bo fèrè mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e sókè títí nóòtù tó kéré jù fi dé G tó wà lókè C àárín. Kí fèrè lé, kí àwọn obìnrin gbè é. Ẹ ṣọ́ra fún nóòtù àfikún tí a fi ń ṣe orin lọ́ṣọ̀ọ́ o: fèrè ò ní ọ̀rọ̀, ohùn nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé ìparí “ọkọ” sókè ti fa ọkọ́ lé ìyàwó lọ́wọ́.

Ti orin àṣíkò Ìkálẹ̀ tí olóògbé Comfort Omoge fi lókìkí yàtọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ (Copyright Act) ti Nàìjíríà ọdún 2022 dá ààbò bo iṣẹ́ olórin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, torí náà ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹbí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tàbí ká a sílẹ̀. Nínú ìwé ètò, ẹ kọ orúkọ ìlú tó ni orin, àti ti ìyá tó kọ́ yín bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí orúkọ ẹni tó kàn tò ó fún fèrè má tóbi ju tiwọn lọ.

Àwa olùkọ́ fèrè,
Àkúrẹ́.