Apànìyàn inú ìwé rẹ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ka gbogbo orí ìwé tí o fi ránṣẹ́ tán. Ìfẹ́ àárín Ruth àti Daniel wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an ni ibi tí ìtàn náà ti ń jò.

O sọ Ruth di aríran. Ó wọ yàrá tí wọ́n ti pa èèyàn, ó dijú, ó sì ti mọ ẹni tó ṣe é. Iṣẹ́ profiler, ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe hu ìwà ọ̀daràn kó lè sọ irú ẹni tó hù ú, kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ibi ìpànìyàn, àbọ̀ dókítà tó yẹ òkú wò, máàpù, àti bí olóògbé ṣe lo ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ohun tí wọ́n ń tú wò nìyẹn. FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dá ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Quantico lọ́dún 1972. Nígbà tó yá, Robert Ressler àti John Douglas, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọ̀rọ̀ wá apànìyàn 36 lẹ́nu wò lẹ́wọ̀n. Ann Burgess, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá wọn to iṣẹ́ náà kí ìdáhùn ẹnì kan lè ṣeé fi wé ti ẹlòmíì. Irú ẹni tó yẹ kí ọlọ́pàá wá ni wọ́n máa ń sọ. Wọn kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Wo orí 4 àti 7. Okùn ni apànìyàn rẹ kọ́kọ́ lò, ó wá lo tẹ́ẹ̀pù, Ruth sì ní ẹlòmíì ló ṣe é. Kò yẹ kó ṣi ìyẹn. Okùn jẹ́ ọgbọ́n iṣẹ́: ó já lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ló bá pààrọ̀ rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù pupa tó so mọ́ ọwọ́ òkú ni àmì tirẹ̀. Kò wúlò fún ìpànìyàn náà, kò sì ràn án lọ́wọ́ láti sá, síbẹ̀ kò lè má so ó. Jẹ́ kí ríbọ́ọ̀nù yẹn dúró, kí ohun gbogbo yòókù máa yí padà.

Tí o bá fẹ́ kí Ruth ṣìṣe, àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ náà dáadáa. Lọ́dún 2002, nígbà tí wọ́n ń yìnbọn pa èèyàn káàkiri agbègbè Washington, bọ́ọ̀sì funfun ni gbogbo ojú ń wá. Inú Chevrolet Caprice aláwọ̀ búlúù ni àwọn méjì tó ń yìnbọn wà, ọlọ́pàá sì ti rí ọkọ̀ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n jẹ́ kó kọjá.

Ibẹ̀ ni kí o ti so ìfẹ́ mọ́ ẹ̀rù. Ruth kọ ọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò níyàwó ni apànìyàn náà. Daniel ní ẹ̀rí kékeré kan tó ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dójú tì í níwájú ọ̀gá wọn, ó dákẹ́. Ẹlòmíì kú. Ìwọ náà wo irú alẹ́ tí àwọn méjèèjì máa lò nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn! Ìfẹnukonu orí 6 kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe máa mú un ńkọ́? Má fi ìbọn parí rẹ̀. Dennis Rader pa èèyàn 10 ní agbègbè Wichita, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1974 sí 1991. Ó bi ọlọ́pàá bóyá wọ́n lè fi dísìkì kọ̀ǹpútà tọpasẹ̀ òun. Wọ́n dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn pé kò séwu. Ó fi dísìkì ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2005. Nínú fáìlì tó ti pa rẹ́ ni wọ́n ti rí orúkọ ìjọ rẹ̀ àti "Dennis". Òun ni ààrẹ ìgbìmọ̀ ìjọ náà.

Orí 7 ni kí o kọ́kọ́ tún kọ. Mò ń retí rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ