Ẹrù Tiwa Dà Nínú Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀?

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì alòtúnlò, mo sì dúpẹ́ pé èdè wa ni ẹ fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí òǹkọ̀wé yín fi àbọ̀ sí, pé eré àwọn olówó Amẹ́ríkà lásán ni, pé kò kan àwa, ni mi ò lè fara mọ́. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ti kan ìlú wa láti ọdún 2017.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún náà, rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ti ilé-iṣẹ́ SpaceX gbéra ní Florida, ó ń ru ẹrù lọ sí ibùdó àwọn onímọ̀ tó wà lójú òfurufú, International Space Station. Lára ẹrù náà ni NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, àti Kyushu Institute of Technology ní Japan jọ ṣe, nínú iṣẹ́ àjọṣe tí Ghana, Mongolia àti Bangladesh náà kópa nínú rẹ̀. Mo fi páálí ṣe irú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, 10 ní gíga. Ó jókòó pẹ́sẹ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì. Ọkọ̀ ẹrù Dragon, tó wà lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, tó sì gbé ojúlówó rẹ̀ dé ibùdó náà, ti lọ sí òfurufú rí lọ́dún 2014, ó ti padà, wọ́n sì ti tún un ṣe. Òun ni Dragon àkọ́kọ́ tó máa lọ lẹ́ẹ̀kejì. Apá ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà wá balẹ̀ ní Florida lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì tún lò ó ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bíbalẹ̀ yìí, torí àròkọ yín sáré kọjá lórí rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ Falcon 9 ló ni ẹ́ńjìnnì 9, òun ló sì náni lówó jù. Owó epo tó ń jó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, láyé àtijọ́, inú òkun ni wọ́n ń jẹ́ kí irú rẹ̀ já sí, bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga tó sì ń sọ dòrò nù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá fà. Kí ó tó lè padà, ó ní láti yí ara rẹ̀ po lókè, kó tan ẹ́ńjìnnì lòdì sí ibi tó ń lọ, kó sì na ẹsẹ̀ mẹ́rin nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kanlẹ̀. Ibi tó le jù ni pé nígbà tí epo rẹ̀ bá ti ń tán, ara rẹ̀ á fúyẹ́ débi pé agbára ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, kódà bí wọ́n bá dín in kù dé ibi tó lè dé, á ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Kò lè rọra dúró lójú kan. Bí eré rẹ̀ bá tán kó tó kanlẹ̀, á tún máa gòkè ni. Bí ó bá pẹ́ kó tó tán, á fọ́. Inú oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é yọrí. Lónìí, èyí tó ti lọ tó ti bọ̀ ju ìgbà 30 lọ wà nínú wọn.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Space Shuttle, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé ènìyàn lọ sí òfurufú, náà jẹ́ alòtúnlò láti 1981 dé 2011, ó sì lọ ní ìgbà 135, ṣùgbọ́n táìlì tó ń gba ooru mọ́ ọn lára lé ní 20,000, yíyẹ̀ wọ́n wò sì ń gba àkókò àti owó gọbọi. Ènìyàn 14 ló bá a lọ nínú jàm̀bá méjì. Starship, rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tuntun ti SpaceX, tí òpó ilé gíga kan ní Texas fi apá irin gbá apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, apá òkè rẹ̀ fọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àfọ́kù rẹ̀ sì tú ká lójú sánmà Kàríbíà débi pé ọkọ̀ òfuurufú ní láti yà lọ́nà. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ènìyàn yóò tẹ ìlú dó sórí Mars láìpẹ́ ń kánjú, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe máa gbé inú òṣùpá, ká má tíì sọ Mars, bí a bá ṣì ń sọ dòrò nù.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: owó ọkọ̀ ti wálẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àyè sì wà fún ẹrù kéékèèké, ṣùgbọ́n ẹni tí kò di ẹrù kalẹ̀ kò ní nǹkan tí yóò fi ránṣẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Artemis, tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe máa jọ ṣiṣẹ́ lórí òṣùpá, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ìfọwọ́síwèé yẹn dára, àmọ́ ohun tí ọmọ mi ní kíláàsì fẹ́ fọwọ́ kàn yàtọ̀. Nígbà tí mo fi páálí náà hàn wọ́n tán, ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Sà, ibo ni tiwa wà báyìí?" Mo sọ fún un pé ó já bọ̀ lọ́dún 2019, ó sì jóná nínú afẹ́fẹ́, bí wọ́n ṣe mọ̀ pé yóò ṣe. Ó tún bi mí pé, "Èwo ló kàn?"

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìbéèrè ọmọ yẹn lọ bá àwọn tó ń pín owó fún yunifásítì wa, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì kan, Àkúrẹ́