Kọnkéré tí wọ́n ní ó ti gbẹ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, bíríkìlà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì da kọnkéré òpó mẹ́rin. Nígbà tí a tú pákó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ti gbẹ, kò tún nílò omi. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìlà tín-ín-rín fi yọ lára wọn. Mo fi èékánná ha igun ọ̀kan, ó sì ń bu lulẹ̀ bí èlùbọ́. Ọ̀rọ̀ "gbẹ" yẹn ló mú mi kọ̀wé, nítorí omi tí sìmẹ́ǹtì bá mu, tó sì di ara rẹ̀, ló ń sọ ọ́ di líle. Bí omi bá tètè fẹ́ lọ, iṣẹ́ náà dúró lágbedeméjì.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wo ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi òòfà ṣe. Ní 1946, onímọ̀ físíìsì méjì, Edward Purcell àti Felix Bloch, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi hàn pé háídrójìn, ọ̀kan nínú èròjà méjì tó para pọ̀ di omi, bó bá wà láàárín òòfà alágbára, máa ń dáhùn bí ìgbì rédíò tó bá a mu bá kàn án (omi gan-an ni Bloch fi dán an wò). Ọ̀nà yìí náà ni àwọn ilé ìwòsàn wá ń fi yàwòrán ọpọlọ. Bí a bá gbé sìmẹ́ǹtì pípò sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn omi tó wà nínú àlàfo tó fẹ̀ a máa pẹ́, ṣùgbọ́n ti èyí tó há sínú ihò tíntìntín kì í lò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó kú. Wọ́n lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ègé kan ṣoṣo, láìfọ́ ọ, láti wákàtí àkọ́kọ́ títí kọjá ọjọ́ 28, kí wọ́n sì rí bí omi ṣe ń wọ inú òkúta tuntun tí sìmẹ́ǹtì náà ń dà díẹ̀díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì funfun tí àwọn onítáìsì ń lò ni wọ́n sábà máa ń yàn, nítorí irin inú eléérú tiwa máa ń da ìdáhùn náà rú.

Mo mọ̀ pé kànga máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́, omi sì lówó. Síbẹ̀, àwọn kan náà tó ń ṣahun omi lẹ́yìn iṣẹ́ ló ń da àpọ̀jù rẹ̀ sí i nígbà pípò kó lè rọrùn láti dà, bẹ́ẹ̀ ihò ni àpọ̀jù yẹn ń fi sílẹ̀.

Mo ti wó òpó mẹ́rin náà. Àpò tútù la fi bo àwọn tuntun fún ọjọ́ méje, tí à ń rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bíríkìlà mi sì ń kùn títí di òní pé mo fi omi ṣòfò.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì