Ìkéde: Ẹ Kó Káàdì Ọsibítù Àtijọ́ Wá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́, a kí yín o.

Ìtàn ìlera ìlú wa la máa sọ ní ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Láti 1907 tí Dókítà George Green, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo aláìsàn níbí, ẹnu àwọn àgbà nìkan ni ọ̀pọ̀ ìtàn ṣì wà, ó sì ń dùn wá.

Ẹ bi ìyá àgbà nípa ilẹ̀gbóná, tí àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo apá wọn, àpá ibi tí wọ́n ti bupá fún wọn lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ káàdì tó ti ya. A ó ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ó sì mú un padà lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́