Ẹ̀sùn lórí owó 401(k) mi tí ẹ dá dúró láìtọ́

Houston, Texas
12 Oṣù Karùn-ún, 2025

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Owó Ìfẹ̀yìntì,

Ẹ kú iṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni a kò ti yọ owó 401(k), owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń dá, nínú owó iṣẹ́ mi mọ́. Nígbà tí mo pè yín, ẹni tó gbé fóònù ní mo ti kan gbèdéke $23,000 tí òṣìṣẹ́ lè dá ní 2024. Ọdún 2025 la wà!

Ọdún ètò owó ìfẹ̀yìntì ilé ìwòsàn wa ń bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù keje, ó ń parí ní 30 oṣù kẹfà. Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ mú $13,000 tí mo dá láti oṣù keje sí oṣù kejìlá 2024, ẹ rò ó mọ́ $10,000 tí mo dá láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún yìí, ẹ sì ní ó ti kún. Òfin owó orí Amẹ́ríkà kò ka owó tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń dá báyẹn. Oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ló ń kà, ìgbà yòówù kí ọdún ètò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo W-2 mi ti 2024, ìwé owó iṣẹ́ àti owó orí ọdún náà, àpótí 12, níwájú lẹ́tà D: $21,000 ló wà níbẹ̀. Gbèdéke ti 2025 ti di $23,500, $10,000 péré ni mo sì tíì dá. Àyè $13,500 ṣì kù fún mi. Ọmọ ọdún 46 ni mí, n kò tilẹ̀ sọ ti $7,500 tí àwọn tó ti pé 50 lè dá lé e ní 2025.

Ènìyàn ni gbèdéke yìí ń tẹ̀ lé. Bí nọ́ọ̀sì bá fi ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní àárín ọdún bọ́ sí òmíràn, owó tó dá níbi méjèèjì ni wọn yóò rò pọ̀. Ọdún ètò ilé iṣẹ́ wo ni yóò wá darí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀?

Gbèdéke kejì ni ẹ gbé lé ti àkọ́kọ́ lórí, èyí tó kó owó tèmi àti ti agbanisíṣẹ́ pọ̀. Ìyẹn lè bá ọdún ètò rìn, ìwé ètò wa sì sọ bẹ́ẹ̀. Iye ti ọdún tí ètò parí sí ni a ń lò fún un, nítorí náà $70,000 ti 2025 ló kàn wá, kì í ṣe $69,000 ti 2024. N kò sún mọ́ ọn rárá.

Ohun tó dùn mí jù ni owó tí agbanisíṣẹ́ ń fi kún tèmi. Ìgbà tí mo bá dá ni wọ́n ń fi tiwọn sí i. Mi ò dá, wọn ò fi sí i. Iṣẹ́ òru ni mo fi ń wá owó yìí, kí n má baà di ẹrù sí àwọn ọmọ mi lọ́rùn.

Ewu mìíràn ń bọ̀ ní oṣù keje. Bí ẹ̀rọ yín bá tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo, ẹnikẹ́ni tó bá ń dá owó púpọ̀ yóò kọjá $23,500 ti 2025 láìmọ̀. Bí a kò bá yọ àlékún náà pẹ̀lú èrè rẹ̀ kí 15 oṣù kẹrin 2026 tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò san owó orí lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa tí a jọ wà nínú ètò yìí ni ọmọ Nàìjíríà, a kò sì ní ẹni tí yóò bá wa ṣọ́ ọ bí kò ṣe ẹ̀yin tí à ń sanwó fún.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó mi láti owó iṣẹ́ tó kàn. Ìlànà àtúnṣe IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, gbà pé bí a bá tún un ṣe kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, agbanisíṣẹ́ kò ní san nǹkan dípò owó tí a kò yọ. Ṣùgbọ́n owó àfikún agbanisíṣẹ́ tó fò mí àti èrè rẹ̀, dandan ni kí ó wọlé. Ẹ sì yẹ àkáǹtì gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn wa wò kí oṣù kẹfà tó parí, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì àti oníbàárà yín