Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Fò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Télọ̀ ni mí ní Aléékúwọdò, níbí ní Òṣogbo. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́lé, aṣọ ilé-ìwé ló máa ń kún ọwọ́ mi. Ẹni tó ń fi téèpù wọn ọmọ máa ń rí ohun tí òbí kì í rí: èjìká tó sọ̀ lápá kan, ọmọ ọdún 9 tó ń dúró bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́.

Báàgì ni gbogbo wa ń bá wí. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ti ọmọ ọmọ mi sórí ìwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Kílò 6! Ọmọ fúnra rẹ̀, kílò 24. Ohun tí àwọn onímọ̀ eegun sábà máa ń sọ ni pé kí ẹrù ẹ̀yìn ọmọ má ju ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Tiwa jẹ́ 25, èjìká kan ṣoṣo ló sì ń gbé e kọ́, nítorí ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn tó mọ fáàrí ṣe ń gbé e.

Síbẹ̀, ká má purọ́ mọ́ báàgì. Ó lè mú kí ẹ̀yìn máa ro ọmọ, àmọ́ òun kọ́ ló ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀yìn wọ́. Èyí tó ń wọ́ lóòótọ́ sábà máa ń hàn lásìkò bàlágà, ó sì máa ń le jù lára ọmọbìnrin. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kan yọ sókè ju èkejì lọ, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má gbé e wá bá mi pé kí n fi fóòmù di èjìká aṣọ rẹ̀. (Ìyá kan ti bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí.)

Bí àwọn ọmọ ṣe ń jókòó sójú kan ló ń dùn mí jù. Eegun ọmọ máa ń le sí i nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń kọlu ilẹ̀: fífò, sísáré, gígun nǹkan. Iṣẹ́ tí tẹ́n-tẹ́n àti súwè ń ṣe fún wa nìyẹn láìgba kọ́bọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lo ara lójúmọ́. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ṣe é? Ilé-ìwé jáde, lẹ́sìnnì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́sìnnì parí, iṣẹ́ àṣetiléwá. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù, ọrùn á tún tẹ̀. Ilé-ìwé kan tí mo ń ránṣọ fún ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí pápá rẹ̀. Wọ́n ṣì ní kí n máa rán ṣòkòtò eré ìdárayá o!

Ti oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Oòrùn, tó ń jẹ́ kí ara rí fítámì D tí eegun nílò, kò wọ́n wa ní Òṣogbo. Kásíọ̀mù, èròjà oúnjẹ tó ń mú eegun le, ló ń wọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun. Ẹ fún wọn ní wàrà, edé, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegun-teegun.

Ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé: ìwé tí wọn kò ní lò lónìí, kó dúró sílé, kí wọ́n sì dá wákàtí eré padà. Ní tèmi, mo ti gba ọmọ ọmọ mi kúrò ní lẹ́sìnnì ọjọ́ Wẹ́sidé àti Furaidé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń ta súwè báyìí. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà sáṣọ ló fi ń yà á sílẹ̀, ó sì ti jẹ mí ní 3.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Télọ̀,
Aléékúwọdò, Òṣogbo.