Ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn ahoro wa sílẹ̀

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ọ̀mọ̀wé tó ń wádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń rántí ilẹ̀ tí oró ogun bà jẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Lẹ́bàá Verdun nílẹ̀ Faransé, ogun 1914 sí 1918 pa abúlé mẹ́sàn-án rẹ́. Àdó olóró tí kò bú ṣì wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ojú ibì kan wà nínú igbó tí wọ́n ti dáná sun àwọn àdó tí wọ́n rọ gáàsì olóró sí lẹ́yìn ogun. Oró arsenic kún ibẹ̀ débi pé ewéko ò fi bẹ́ẹ̀ hù. Mẹ́fà nínú abúlé wọ̀nyẹn ò ní olùgbé kankan dòní, síbẹ̀ ìjọba ń yan olórí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí orúkọ wọn má baà parẹ́.

Ibẹ̀ ló ká mi lára. Nígbà ogun Fúlàní, ogun ò kó Ogbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ìlú tó tú ló sì sá wá bá wa. Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ dahoro. Lóòótọ́, ogun ayé ìgbà náà ò da gáàsì sílẹ̀, iṣu sì ń ta lórí àwọn ahoro náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń pe orúkọ wọn?

Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá mi mú mi dé ọ̀kan. Igi oṣè ńlá kan ló dá dúró síbẹ̀. Ó ní níbi tí mo bá ti rí oṣè nínú igbó, kí n fura pé èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ó fi ọkọ́ họ ìdí rẹ̀, àpáàdì yọ, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì pe orúkọ ìlú náà fún mi. Mo ti gbàgbé orúkọ yẹn. Bàbá ti kú. Nígbà tí mo padà lọ lọ́dún tó kọjá, katakata ti hú oṣè náà, wọ́n ti ń pín ilẹ̀ ibẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn ahoro wa ní ojú ewé kan lọ́sẹ̀. Àgbà méjì ṣì wà ládùúgbò wa tí wọ́n mọ ọ̀nà oko yẹn. Èmi fúnra mi ni n óò mú akọ̀ròyìn yín lọ bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ẹ jẹ́ kó tètè yá.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ogbómọ̀ṣọ́.